Abney Park: Itẹ́ òkú ọdún 1840 tí ó di ọgbà ìgbafẹ́ àwọn alààyè ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní àdúgbò Stoke Newington, ní ìhà àríwá ìlú Lọ́ńdọ̀nù, itẹ́ òkú kan wà tí àwọn òbí máa ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ gba inú rẹ̀ kọjá, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń lọ kọ́ orúkọ igi níbẹ̀, tí àwọn olórin àti òṣèré sì máa ń péjọ sí inú ilé àdúrà tí ó wà ní àárín rẹ̀. Nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni wọ́n ti sin síbẹ̀ láti ọdún 1840. Abney Park ni orúkọ rẹ̀.

Lára àwọn tí wọ́n sùn níbẹ̀ ni ọmọbìnrin Olaudah Equiano, ọkùnrin tí wọ́n tà sí oko ẹrú tí ó sì kọ ìwé nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1789, àti ọmọ ọba kan láti Sierra Leone, ilẹ̀ tí àwọn àgbà Yorùbá mọ̀ sí Sàró.

Díẹ̀ ló kù kí gbogbo rẹ̀ parẹ́. Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ tí ó ni ilẹ̀ náà kógbá wọlé, igi àti ìtàkùn sì bo àwọn ibojì mọ́lẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń lọ rìn níbẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà á là.

Níbo ni Abney Park wà?

Abney Park wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Hackney. Ẹnubodè rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ kọjú sí òpópónà Stoke Newington High Street, kò sì jìnnà rárá sí ibùdókọ̀ ojú irin Stoke Newington. Ẹnubodè kejì wà ní Church Street. Ilẹ̀ náà tó nǹkan bí éékà 32. Kò sẹ́ni tí ó ń san owó ìwọlé. Ìjọba ìbílẹ̀ máa ń ṣí ẹnubodè ní òwúrọ̀, wọ́n a sì tì í nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Hackney dáadáa. Ibẹ̀ ni ọjà Ridley Road ní Dalston wà, níbi tí ènìyàn ti lè ra iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata rodo. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì láti ọjà náà lọ sí ìhà àríwá kò ní pẹ́ dé ẹnubodè Abney Park.

Orúkọ ìdílé Abney ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ náà. Sir Thomas Abney jẹ́ olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1700 sí 1701. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Lady Mary Abney, ni wọ́n gba Isaac Watts sílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Watts yìí ni ó kọ púpọ̀ nínú àwọn orin tí wọ́n túmọ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n sì ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní. Itẹ́ òkú Bunhill Fields ni wọ́n sin ín sí ní ọdún 1748, ṣùgbọ́n ní ọdún 1845 wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Abney Park, lórí ilẹ̀ tí ó ti máa ń rìn nígbà ayé rẹ̀.

Kí ló dé tí Lọ́ńdọ̀nù fi nílò itẹ́ òkú tuntun?

Ní ọdún 1801, àwọn ènìyàn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù kan. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1850, wọ́n ti ju mílíọ̀nù méjì lọ. Àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń sin òkú láti ayébáyé, àgbàlá wọ̀nyí kò sì fẹ̀ sí i bí ìlú ṣe ń fẹ̀. Àwọn agbẹ́lẹ̀ máa ń hú egungun àtijọ́ jáde kí ààyè lè wà fún òkú tuntun. Òórùn ibẹ̀ ń wọ ilé àwọn tí wọ́n ń gbé nítòsí, omi kànga sì ń bàjẹ́. Nígbà tí àrùn onígbáméjì wọ ìlú náà ní ọdún 1832, ìbẹ̀rù pọ̀ sí i.

Láàárín ọdún 1833 sí 1841, itẹ́ òkú ńlá méje ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ṣí yí ìlú náà ká: Kensal Green, West Norwood, Highgate, Abney Park, Nunhead, Brompton àti Tower Hamlets. Ìta ìlú ni gbogbo wọn wà nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ti yí wọn ká pátápátá lónìí. Itẹ́ òkú Père Lachaise ní ìlú Paris, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1804, ni ó kọ́kọ́ fi han Yúróòpù pé wọ́n lè gbin itẹ́ òkú bí ẹni gbin ọgbà. Mount Auburn, nítòsí ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tẹ̀lé e ní ọdún 1831. Àpẹẹrẹ Mount Auburn yìí gan-an ni àwọn tí wọ́n dá Abney Park sílẹ̀ wò.

Kí ló mú Abney Park yàtọ̀?

Ní àwọn itẹ́ òkú yòókù, bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Áńgílíkà ni ó máa ń ya apá kan sí mímọ́ fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀, apá kejì a sì wà fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n kọ̀ láti wà lábẹ́ Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n dá Abney Park sílẹ̀, wọn kò sì fẹ́ irú ìpínyà bẹ́ẹ̀. Wọn kò ya ilẹ̀ náà sí mímọ́ lábẹ́ ìjọ kankan. Wọn kò fa ààlà sí àárín òkú. Ilé àdúrà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́, tí ẹnikẹ́ni lè lò, láìka ìjọ tí ó ń lọ sí.

Ẹnubodè ńlá náà tilẹ̀ ń sọ èrò yìí. Bí ẹnubodè ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́ ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì fi àmì ìkọ̀wé Íjíbítì kọ ọ̀rọ̀ sí ara rẹ̀ pé ibùgbé apá ènìyàn tí ó lè kú nìyí. Nígbà náà, àwọn kan bínú pé wọ́n fi àmì ilẹ̀ àwọn abọ̀rìṣà sí ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń sin Kristẹni sí.

Ohun kejì ni igi. George Loddiges, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ní ọgbà ìtajà ewéko tí ó lókìkí ní Hackney, ni ó ṣètò bí wọ́n ṣe gbin ilẹ̀ náà. Irú igi àti igi kéékèèké 2,500 ni wọ́n gbìn yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n sì tò wọ́n ní ìtẹ̀léra lẹ́tà, láti A títí dé Z, pẹ̀lú orúkọ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgbà òdòdó róòsì tí ó wà níbẹ̀ ní irú róòsì tí ó lé ní 1,000. Nítorí náà, ẹni tí kò ní òkú níbẹ̀ pàápàá ní ìdí láti wá. Ó lè wá kọ́ nípa igi lọ́fẹ̀ẹ́ ní àkókò tí àwọn ọgbà gbogbo ènìyàn kò tíì pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn olùdásílẹ̀ ti fẹ́ kí àwọn alààyè máa wọ ibẹ̀.

Àwọn wo ni wọ́n sin síbẹ̀?

Ibojì tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ti William Booth àti ìyàwó rẹ̀, Catherine, àwọn tí wọ́n dá Ìjọ Ọmọ Ogun Ìgbàlà sílẹ̀. Catherine kú ní ọdún 1890, William sì tẹ̀lé e ní ọdún 1912. Ìjọ náà dé Èkó ní ọdún 1920.

Frank Bostock, ẹni tí ó ń kó ẹranko káàkiri ayé fún ìwòran, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kìnnìún tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ ni ó sùn sórí ibojì rẹ̀, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Thomas Burchell, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi tí ó bá àwọn ẹrú ṣiṣẹ́ ní Jàmáíkà, tí àwọn olóko ẹrú sì kórìíra rẹ̀ nítorí náà, wà lára àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀.

Òkúta ìrántí kan tún wà fún àwọn ará àdúgbò tí wọ́n kú ní alẹ́ ọjọ́ 13, oṣù Ọ̀wàwà, ọdún 1940, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bọ́ǹbù Jámánì ni ó bọ́ lu ilé tí ó wà ní Coronation Avenue, ilé náà sì wó lé àwọn tí wọ́n sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn tí ó kú lé ní 150.

Fún àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ibojì méjì ni ó ṣe pàtàkì jù. Àkọ́kọ́ ni ti Joanna Vassa. Gustavus Vassa ni orúkọ tí ẹni tí ó ra Equiano fún un, orúkọ náà ni ó sì fi ṣe ìgbéyàwó. Nínú ìwé rẹ̀, Equiano kọ ọ́ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé ní ọmọdé. Ó fi owó ara rẹ̀ ra òmìnira, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí ohùn wọn rinlẹ̀ jù lọ nínú ìjà láti fòpin sí òwò ẹrú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ Susannah Cullen ní ọdún 1792, wọ́n sì bí ọmọbìnrin méjì.

Ìyá àwọn ọmọ náà kú ní ọdún 1796. Equiano fúnra rẹ̀ kú ní oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1797, ọmọ àgbà sì kú ní ọdún kan náà. Joanna, tí kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ, nìkan ni ó kù. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 21 ní ọdún 1816, ó gba ogún pọ́ùn 950 tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, owó ńlá ní ayé ìgbà náà. Ó fẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan, Henry Bromley, ní ọdún 1821, ó sì kú ní ọdún 1857.

Ibojì Equiano ti sọnù. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti gorí rẹ̀, kò sì sí òkúta kan tí ènìyàn lè dúró tì kí ó sọ pé ibí ni ó sùn sí. Ti ọmọ rẹ̀ ṣì wà. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí àkójọ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò ní ọdún 2008. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọlá fún Equiano ní ojú oórì ìdílé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Abney Park ni yóò lọ.

Ìkejì ni ibojì Thomas Caulker, ọmọ ọba ìlú Bompey ní Sierra Leone. Baba rẹ̀ ni ó rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kàwé. Ọmọdé ni ó ṣì wà nígbà tí ó kú ní ọdún 1859, kò sì padà sílé mọ́.

Báwo ni ó ṣe di igbó?

Owó ni ó fà á. Ilé-iṣẹ́ tí ó ni ilẹ̀ náà ń ta ààyè ibojì, èrè tí ó rí níbẹ̀ ni ó sì fi ń gé koríko, tí ó fi ń tún ọ̀nà ṣe, tí ó fi ń san owó àwọn ológbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í gùn sí i. Bí ààyè ṣe ń tán, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sin òkú sí ibi tí ó yẹ kí igi wà, àti sí etí ọ̀nà pàápàá. Nígbà tí ààyè tán pátápátá, owó kò wọlé mọ́, iṣẹ́ ìtọ́jú sì wà síbẹ̀. Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn itẹ́ òkú méje náà.

Ní àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ náà kò lè tẹ̀ síwájú mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Hackney gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1979. Nígbà náà, èso igi sycamore àti igi ash ti hù káàkiri fúnra wọn, ìtàkùn ti bo òkúta mọ́lẹ̀, gbòǹgbò sì ti ń gbé ibojì sókè. Ilé àdúrà di ahoro. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù láti wọ ibẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe ibi nìkọ̀kọ̀ sì rí ààyè.

Báwo ni àwọn alààyè ṣe gbà á padà?

Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n fẹ́ràn ilẹ̀ náà ni wọ́n kóra jọ. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń jẹ́ Abney Park Trust. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà, wọ́n ń ka orúkọ ara òkúta, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń mú àlejò rìn káàkiri. Ní àwọn ọdún 1990, ilẹ̀ náà di ibi tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ààbò ẹranko, ẹyẹ àti ewéko. Èyí já sí pé igbó tí àìbìkítà dá sílẹ̀ ti di ohun tí ó níye lórí. Igi tí ó kú tí ó sì ń jẹrà níbẹ̀ jẹ́ oúnjẹ fún oríṣiríṣi kòkòrò àti olú tí kò rọrùn láti rí ní àárín ìlú ńlá. Ẹyẹ akókó, òwìwí, àdán àti ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé níbẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù náà rí ẹwà rẹ̀. Ní ọdún 2007, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya apá ìsìnkú nínú fídíò orin Back to Black tí Amy Winehouse kọ.

Lẹ́yìn náà ni owó ńlá dé. Àjọ tí ń pín owó tẹ́tẹ́ orílẹ̀-èdè fún ohun àjogúnbá àti ìjọba ìbílẹ̀ Hackney pawọ́ pọ̀ láti tún ilé àdúrà náà ṣe, wọ́n sì kọ́ ilé kékeré kan sí ẹnubodè ńlá, níbi tí ènìyàn ti lè jókòó mu tíì tàbí kọfí. Iṣẹ́ náà parí ní ọdún 2023. Lónìí, eré ìtàgé, orin àti ìpàdé ń wáyé nínú ilé àdúrà tí ó ti di ahoro tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń mú ènìyàn rìn láti wo olú ní ìgbà ìwọ́wé, àwọn mìíràn ń wá gbọ́ ohùn ẹyẹ ní àárọ̀ kùtù, àwọn àgbàlagbà sì ń wá nà ẹsẹ̀ wọn lábẹ́ òjìji igi.

Ǹjẹ́ kò tàbùkù sí òkú?

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa máa ń sin àgbà sínú ilé. Àwọn ọmọ ń sùn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣeré ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí ojú oórì, kò sì sí ẹni tí ó pe èyí ní àìbọ̀wọ̀. Òkú tí a sin jìnnà sí ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò, ni wọ́n kà sí òkú tí a pa tì. Ìgbà tí ìjọba amúnisìn fòfin de ìsìnkú inú ilé ni itẹ́ òkú ìta di ti gbogbo ènìyàn.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn wà ní Abney Park. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n gé igi kí ibojì àwọn ènìyàn wọn lè hàn; àwọn mìíràn ní bí wọ́n bá gé e, àwọn ẹ̀dá tí ó ń gbé níbẹ̀ yóò parun. Àrùn tí ń pa igi ash káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mú kí gígé igi kan di dandan, nítorí pé igi tí ó ti kú lè wó lu ẹni tí ń kọjá. Òkúta tí gbòǹgbò ti mì náà lè ṣubú. Àwọn tí wọ́n ní ajá àti àwọn tí wọ́n wá ṣọ̀fọ̀ kì í fi gbogbo ìgbà fẹ́ ohun kan náà. Wọ́n ń rọ àlejò pé kí wọ́n má ṣe gun orí ibojì, kí wọ́n sì máa rántí pé ibi ìsìnkú ni ó ṣì jẹ́.

Ìlú Copenhagen ní Denmark yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà tirẹ̀. Itẹ́ òkú Assistens, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1760, ni wọ́n sin òǹkọ̀wé Hans Christian Andersen, onímọ̀ ọgbọ́n orí Søren Kierkegaard àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Niels Bohr sí. Ìlú náà sọ apá kan ilẹ̀ yìí di ọgbà ìgbafẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ láti yá oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ fún ìsìnkú àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn ìlú wa?

Èkó náà ti ní itẹ́ òkú àtijọ́ tirẹ̀ rí. Itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n sin Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sí nígbà tí ó kú ní ọdún 1891. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin James Pinson Labulo Davies sí, oníṣòwò tí ó fẹ́ Sarah Forbes Bonetta. Ọ̀pọ̀ àwọn Sàró tí wọ́n padà sílé láti Sierra Leone, tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti ilé ìtẹ̀wé ní ìlú náà, sùn níbẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, ní àkókò kan náà tí Abney Park ń di igbó, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó pàṣẹ pé kí wọ́n wó Àjẹ́lẹ̀ kí ilé iṣẹ́ ìjọba lè dúró níbẹ̀. Wọ́n kó egungun Crowther lọ sí Kàtídírà ti Kristi ní Marina, níbi tí òkúta ìrántí rẹ̀ wà títí di òní. Kì í ṣe gbogbo òkú ni ó rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tí wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà, ó sì kà á sí pípa ìrántí ìlú run.

Ilẹ̀ wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́n ní Èkó, Accra tàbí Freetown. Ilẹ̀ éékà 32 ní Hackney yóò mú owó tabua wá fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé sí i. Ohun tí ó dáàbò bo Abney Park ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín wó, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n mọ ọ̀nà inú rẹ̀, tí wọ́n ń rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọn kò sì ní gbà kí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin tẹ̀lé wọn, owó sì tẹ̀lé òfin.

Ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú àtijọ́ ṣì wà ní àwọn ìlú Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pẹ̀lú igi ńláńlá àti orúkọ tí ìtàn kò gbọdọ̀ gbàgbé. Púpọ̀ nínú wọn ni ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, tí koríko sì ga ju òkúta lọ. Yorùbá ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ní Abney Park, àwọn ará ọjà ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá lójoojúmọ́, wọ́n sì ń ka orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ.